Adágún dáàmù: oko ẹ̀rùn, àlejò, àti etí omi tó ń sá lọ

ỌmọÒròkí
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ adágún dáàmù ni mo gbé wá. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́kànlá kan ní Òṣogbo níbí fẹ́ gbin tòmátì, ata àti ewédú láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin. Wọ́n sì ní àwọn á máa kó àlejò wá wo omi lọ́jọ́ Sátidé, kí owó lè máa wọlé kí irè tó dé. Àwọn kan ní kí a lo adágún Erinlẹ̀ tó wà ní Òkínní nítorí ó sún mọ́lé. Àwọn yòókù ní Ìkéré Gorge lọ́nà Ìṣẹ́yìn ló tọ́, torí pé oko wà nínú ètò tí wọ́n fi kọ́ ọ. Pọ́ǹpù wo ló máa tó éékà kan? Kí ló dé tí etí omi fi ń sá lọ bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rùn bá dé? Ibo ni ẹsẹ̀ àlejò kò gbọdọ̀ dé? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà wá.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀
Ẹ káàbọ̀. Kí a tó dárúkọ pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn omi tí irúgbìn máa mu.

Lásìkò ọyẹ́, tòmátì tó ti dàgbà á máa béèrè omi bíi mìlímítà 5 lójúmọ́, nígbà mìíràn 6. Mìlímítà 1 lórí mítà kan níbùú-lóròó jẹ́ lítà 1 gééré. Irú mítà níbùú-lóròó bẹ́ẹ̀ 4,047 ló wà nínú éékà kan. Ẹ bá mi ṣe é: lítà 20,000 lójúmọ́ ni, ká má ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí gbòǹgbò máa mu nìyẹn o, kì í ṣe ohun tí pọ́ǹpù máa gbé. Tí ẹ bá ń da omi sí poro, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí yóò rì kọjá gbòǹgbò tàbí tí oòrùn á gbà. Ẹ fojú sí lítà 35,000 sí 40,000 fún éékà kan.

Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pọ́ǹpù ẹlẹ́nu ínǹṣì 2 pé ó ń gbé lítà 30,000 ní wákàtí kan. Wọn kò purọ́, àmọ́ ìyẹn jẹ́ nígbà tí omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò sì sí òkè tó máa gùn. Ẹ jẹ́ kó gun òkè mítà 10, kí hóòsì rẹ̀ gùn tó mítà 100, lítà 12,000 sí 15,000 lẹ máa rí. Ó di bíi wákàtí mẹ́ta kí éékà kan tó mu yó, àti epo bẹntiróòlù lítà mẹ́rin tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò owó yín kí ẹ tó ra irúgbìn. Iye epo ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí oko ẹ̀rùn, kì í ṣe iye pọ́ǹpù.

Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ alámọ̀, ẹ lè máa fi omi sí i ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ilẹ̀ oníyanrìn kò gba irú ìyẹn, ojoojúmọ́ ni tirẹ̀.

MẹkáníìkìPọ́ǹpù
Ẹ̀gbọ́n ti parí ìṣirò, mi ò ní fi kún un. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀gbẹ́ tí omi ń gbà wọlé sí pọ́ǹpù sì ni.

Pọ́ǹpù kì í fa omi bí ọmọ ṣe ń fa ọmú. Ó máa ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú hóòsì ni, afẹ́fẹ́ tó wà lórí adágún á wá ti omi wọ inú àyè tó ṣófo. Gbogbo agbára afẹ́fẹ́ yẹn kò lè gbé omi kọjá nǹkan bíi mítà 10. Ẹ yọ ti inú hóòsì kúrò, ẹ yọ ti fáàfù, ẹ yọ ti pọ́ǹpù fúnra rẹ̀: mítà 6 ló kù tí èèyàn lè gbọ́kàn lé, 7 tí gbogbo nǹkan bá ṣì jẹ́ tuntun. Látojú omi sókè dé ẹnu pọ́ǹpù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tí pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní oṣù Kejìlá fi máa ń dákẹ́ ní oṣù Kejì láìsí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Omi ti lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e tẹ̀ lé omi. Bíi kílò 25 ni pọ́ǹpù ínǹṣì 2, èèyàn méjì á gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ ìrọ̀rùn lè de pátákó mọ́ àgbá ike mẹ́rin, kí ó gbé pọ́ǹpù lé e lórí omi, kó sì fi okùn so ó mọ́ igi méjì lókè, kí afẹ́fẹ́ má baà yí i po.

Hóòsì tó ń wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó le, tó ní wáyà tàbí egungun ike nínú. Èyí tó rọ̀ á pa ẹnu pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi fúùtù fáàfù tó ní asẹ́, èyí tó ń jẹ́ kí omi wọlé tí kì í jẹ́ kó padà, sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì so ìdí náà mọ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tó ṣófo tí ẹ ti dé pa, kí ó máa rọ̀ ní ìdajì mítà sábẹ́ ojú omi. Tó bá dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, yanrìn ni pọ́ǹpù á máa jẹ, fáànù inú rẹ̀ á sì jẹ tán kí tòmátì tó so.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì pọ́ǹpù, ẹ rọ omi kún inú rẹ̀ dé ẹnu, kí ẹ dé e. Tí kò bá gbé omi láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ pa á. Omi ló ń mú síìlì inú rẹ̀ tutù. Tó bá ń yí lásán, síìlì á jó, omi á sì máa jò nídìí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí kò bá gbé omi, lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé níbì kan. Ẹ má fi ọṣẹ wá a o, torí inú ló ń fà á sí, kò ní hó. Ẹ gbé hóòsì náà kọ́ sórí igi, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ wo ibi tó ti ń kán. Nínú ìsopọ̀ ló máa ń wà: róbà pẹlẹbẹ kékeré inú rẹ̀ ti ká tàbí ó ti bọ́ sọ nù sínú koríko, ẹnì kan sì ti fi náílọ́ọ̀nù wé e dípò rẹ̀. Róbà yẹn kò tó owó àkàrà. Ẹ ra mẹ́fà sápò.

ỌmọÒròkí
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Sólà ńkọ́? Epo yìí ti dẹ́rù bà mí.

MẹkáníìkìPọ́ǹpù
Ó ṣeé ṣe. Lítà 35,000 tó máa gun òkè mítà 15, tí ẹ bá ka ìfàsẹ́yìn inú páìpù mọ́ ọn, máa ń gba iná bíi kílówáàtì-wákàtí 4 lójúmọ́, torí pé púpọ̀ nínú agbára náà ló ń ṣòfò sínú mọ́tò àti pọ́ǹpù. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 300 mẹ́rin á ṣe é. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ìgbà tí ẹ nílò omi jù, ìgbà yẹn náà ni ọyẹ́ ń da eruku sí ojú pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún láràárọ̀ kí oòrùn tó mú un gbóná. Táànkì dára ju bátìrì lọ: ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù gbé omi sí òkè nígbà tí oòrùn wà, kí ẹ ṣí i sí poro ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọdẹ tó máa ṣọ́ pánẹ́ẹ̀lì lóru, ẹ kà á mọ́ owó tí ẹ máa ná.

Ẹlẹ́rọDáàmù
Ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dáhùn èyí tó kan dáàmù fúnra rẹ̀, kí ó má baà di dààmú.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ẹ má ka adágún méjèèjì sí ọ̀kan náà. Omi mímu ni ti Erinlẹ̀ wà fún. Odò Ọ̀tìn àti odò Erinlẹ̀ ló ń bọ́ síbẹ̀, wọ́n á sì tún forí lé Ọ̀ṣun nísàlẹ̀. Ìkéré Gorge ní tirẹ̀ wà lórí odò Ògùn, ìgbà ìjọba Shagari ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àyè inú rẹ̀ gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 690 mítà omi níbùú, lóòró àti ní jíjìn. Ti Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1983, jẹ́ mílíọ̀nù 270. Àjọ Ògùn-Ọ̀ṣun, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn odò yìí, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ló ni Ìkéré àti Ọ̀yán. Oko wà nínú ètò tiwọn. Ní Erinlẹ̀, ẹ máa ní láti kọ ìwé kí ẹ sì gba ìdáhùn kí ẹ tó gbé pọ́ǹpù débẹ̀, torí pé inú omi tí àwọn èèyàn máa mu lẹ fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀.

Ẹ béèrè ìdí tí etí omi fi ń sá. Nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tí wọ́n ń fà lọ sí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń tú sílẹ̀ fún odò ìsàlẹ̀, àti èyí tí oòrùn ń gbà. Ẹ má fojú kéré oòrùn. Mìlímítà 5 lójúmọ́ lórí adágún tó fẹ̀ tó kìlómítà kan níbùú-lóròó jẹ́ lítà mílíọ̀nù 5. Ọ̀yán fẹ̀ tó 40 irú rẹ̀ nígbà tó bá kún, ẹ sọ ìyẹn di púpọ̀ fúnra yín. Ìdí kejì tó fi dà bíi pé ó ń sá ni pé etí adágún tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí ilẹ̀ bá ń dà díẹ̀-díẹ̀, ìwọ̀n mítà 1 fún 50, omi á fà sẹ́yìn ní 50 mítà kí ó tó lọ sílẹ̀ ní mítà 1 péré. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti jí omi kó.

Ó wá kan ibi tí àlejò kò gbọ́dọ̀ dé. Ọ̀nà àkúnya ni àkọ́kọ́, ibi tí omi ń gbà dà nígbà tí adágún bá kún. Ó rẹwà nínú oṣù Kẹsàn-án, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀. Kọnkéré rẹ̀ ti hu ewéko tín-ín-rín tó ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ, omi tó sì dé orúnkún tó ń sáré kọjá lè gbá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Nísàlẹ̀ ibi tó ń já sí, omi máa ń yí po lójú kan. Ohun tó bá bọ́ síbẹ̀ máa ń rì, á tún yọ, á tún rì. Òmùwẹ̀ kò jàre rẹ̀. Ibì kejì ni ilé gíga tó wà nínú omi, níbi tí páìpù ti ń gba omi wọlé. Ojú omi ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, nísàlẹ̀ ló ti ń fà. Kí ọkọ̀ má ṣe sún mọ́ ọn, pàápàá kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Orí dáàmù gan-an, tí ó jẹ́ òkìtì amọ̀ àti òkúta, ẹ lè rìn ín tí wọ́n bá gbà. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé máa yí òkúta tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ omi kúrò. Òkúta wọ̀nyẹn ló ń gba ìgbì. Tí ọ̀kan bá kúrò, ìgbì á máa họ amọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Atọ́nàÀlejò
Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, àwọn àlejò máa ń béèrè nípa omi kékeré tó ń jáde lẹ́sẹ̀ dáàmù. Wọ́n á ní ó ti ń jò, kí àwọn sá. Kí ni kí á máa sọ fún wọn?

Ẹlẹ́rọDáàmù
Ìbéèrè tó dára. Kò sí dáàmù amọ̀ tí kò jò. Wọ́n mọ̀ pé á jò, ìyẹn ni wọ́n fi tẹ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn amọ̀ àárín, kí omi lè jáde láìkó amọ̀ dání. Ohun tí èèyàn ń wò ni àwọ̀ rẹ̀ àti iye rẹ̀. Tó bá mọ́ bíi ti kànga, tí iye rẹ̀ sì ń bá bí adágún ṣe kún tó mu, kò séwu. Tó bá ń pọ́n, ó ń kó inú dáàmù jáde nìyẹn, ihò ń gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ sókè. Ẹ pe àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n rọrùn. Wọ́n á de pátákó irin tí wọ́n gé bíi lẹ́tà V sí ojú ọ̀nà omi náà, kí omi gba ẹnu V kọjá. Nígbà tí V bá ṣí ní ìwọ̀n digírì 90, tí omi bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 nínú rẹ̀, ó ń lọ ní nǹkan bíi lítà 0.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá di sẹ̀ǹtímítà 10, lítà 4.4 ni, kì í ṣe 1.6. Ẹ rí i? Gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, iye omi di ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan kì í fi í ṣe ohun à ń gbójú fò.

Ohun tó máa ń dá ihò yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò jọ ohun tí ẹ rò. Òkété ni, àti ikán, àti igi. Igi tó hù lára dáàmù lè dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kú, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, ààyè rẹ̀ á sì di páìpù tí ẹnikẹ́ni kò fowó rà. Koríko tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ara dáàmù nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó ń fi ìlú tó wà nísàlẹ̀ ṣeré. Ẹ rántí dáàmù Alau ní Borno, oṣù Kẹsàn-án 2024, bí omi ṣe ya wọ Maiduguri.

ÌyáẸlẹ́ja
Ẹ kú àlàyé o. Ẹ ti sọ̀rọ̀ omi, ẹ kò sọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kùkùté ni. Nígbà tí wọ́n bá sé odò, igi tí wọn kò gé kúrò á kú síbẹ̀, á sì dúró fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí adágún kún, ọkọ̀ ń gba orí wọn kọjá. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń sún mọ́ ìdí ọkọ̀, títí wọ́n á fi wà ní àtẹ́lẹwọ́ kan sábẹ́ omi tí ẹnì kankan kò rí wọn. Àwọn apẹja mọ ọ̀nà, wọ́n ti fi ọ̀pá tí wọ́n so náílọ́ọ̀nù mọ́ sàmì sí i. Ẹ má gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá láti ibòmíràn kí ẹ ní ẹ fẹ́ sáré lórí omi yẹn láìsí apẹja níwájú ọkọ̀.

Àwọ̀n wọn náà ńkọ́? Wọ́n máa ń na àwọ̀n láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Tí ẹ bá gba orí rẹ̀ kọjá, fáànù ẹ́ńjìnnì á ká a mọ́ra, ẹ́ńjìnnì á kú láàárín omi, ẹ sì jẹ apẹja ní gbèsè. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n na án sí kí ẹ tó gbéra.

Tó bá jẹ́ pé ẹja ni àlejò fẹ́ rà: ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ dé etí omi ní aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí wọ́n ń ká àwọ̀n. Wo ojú ẹja. Tó bá yọ síta tó ń dán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Tó bá ti wọnú tó funfun, ẹja àná ni. Ẹja tó bá léfòó kiri láìsí ojú ọgbẹ́ àwọ̀n lára rẹ̀, ẹ má rà á. Àwọn kan máa ń da oògùn kòkòrò kòkó sínú omi kí ẹja lè léfòó. Oògùn yẹn kì í kúrò lára ẹja nínú ìkòkò.

Nọ́ọ̀sìÌgbèríko
Ẹ jọ̀wọ́, kí ìjíròrò yìí tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ àtọ̀sí ajá bọ̀ ọ́. Adágún dáàmù ni ilé rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti ròyìn rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àgbègbè adágún Erinlẹ̀, wọ́n sì ti ròyìn rẹ̀ létí Ọ̀yán pẹ̀lú.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹni tó ní i á tọ̀ sínú omi tàbí sí etí rẹ̀. Ẹyin kòkòrò inú ìtọ̀ náà á pa nínú omi, á wá ìgbín omi kékeré kan, èyí tó kéré ju ìṣáwùrú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ewé àti koríko níbi tí omi kò ti sáré. Á pọ̀ sí i nínú ìgbín náà, á sì jáde bíi kòkòrò tí ojú kò lè rí, á gba awọ ara wọlé. Kì í ṣe pé ẹ mu ún. Ẹ kàn dúró sínú omi náà ni. Ojú ọ̀sán, láti bíi aago mẹ́wàá sí aago méjì, ni ìgbín ń tú u sílẹ̀ jù. Ìyẹn gan-an ni àkókò tí àlejò máa ń fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Àgbẹ̀ tó ń gbé fúùtù fáàfù kiri ní etí omi ni mo ń bá wí jù. Bàtà róbà gígùn tó dé itan ni kí ó wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Omi tí ẹ bá fẹ́ fi wẹ̀, ẹ pọn ọ́n sí dúrọ́ọ̀mù tí kò sí ìgbín nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, kòkòrò náà á ti kú. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lópin ìtọ̀ rẹ̀ kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, mílígíráàmù 40 fún kílò kan tí ara ẹni náà wọ̀n, lẹ́ẹ̀kan náà. Kòkòrò tí kò tíì dàgbà kì í kú sí i, nítorí náà ẹni tó lo oògùn ní ọjọ́ kejì tó jáde nínú omi ò tíì ṣe nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ tó bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ilé ìwòsàn sì ló wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún un.

Àjàní_Ìlobùú
Àwọn ọmọ etí odò ti ń wẹ̀ nínú omi yìí láti ayébáyé o, ẹ má fi ẹ̀rù lé àlejò lọ.

Nọ́ọ̀sìÌgbèríko
Bàbá Àjàní, ẹ kú ọ̀rọ̀. Odò tí wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láyébáyé ń ṣàn. Ìgbín yìí kì í ráyè nínú omi tó ń sáré, ṣíṣàn ló ń gbá a lọ. Nígbà tí wọ́n sé e ni omi dúró, tí ewé hù létí rẹ̀, tí ìgbín ráyè. Ìtọ̀ pupa tí àwọn òbí máa ń sọ pé "ọmọkùnrin ti ń dàgbà" kì í ṣe àmì ìdàgbàsókè kankan, sà. Kò sì sí ìdí láti lé àlejò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo omi látorí ọkọ̀ àti látorí òkúta, kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí koríko wà. Kí ẹ sì gbẹ́ ṣáláńgá méjì, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, tó jìnnà sí omi dáadáa. Láìsí ìyẹn, àwọn àlejò fúnra wọn lẹ máa fi tan án ká.

Àjàní_Ìlobùú
Mo gbọ́. Ti ṣáláńgá yẹn jẹ́ òótọ́.

Atọ́nàÀlejò
Mo fẹ́ fi ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n kó àlejò lọ kún un, torí ibẹ̀ ni owó wà.

Oṣù Kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun ń mú èèyàn kún Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun ti wà nínú ìwé UNESCO láti 2005, ẹni tó bá wá síbẹ̀ máa ń ní ọjọ́ kan sí i láti fi rìn kiri. Adágún ti ń kún nígbà náà, ilẹ̀ tutù, ọ̀nà á máa yọ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni ọ̀nà àkúnya ń dà, ìran tó dára jù lọ nìyẹn, ẹ kó wọn dúró sí òkèèrè bí Ẹlẹ́rọ ṣe wí. Láti oṣù Kejìlá dé Kejì, omi ti fà, àwọn ẹyẹ ń sọ̀ sí ẹrẹ̀ etí rẹ̀ láti jẹun, oko yín sì wà níbẹ̀ tí àlejò lè já tòmátì fúnra rẹ̀. Oṣù Kẹta àti Kẹrin, ẹ má kó ẹnikẹ́ni lọ. Ẹrẹ̀ tó ti sán ni wọ́n máa rí. Ti Ìkéré Gorge, ẹ lè so ó pọ̀ mọ́ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé, àmọ́ kì í ṣe ìrìn àjò ọjọ́ kan láti Òṣogbo, ẹ má tan àlejò.

Láìfú-jákẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan fún ẹnì kan, kí ti ọmọdé jẹ́ ti ọmọdé. Ẹ dì í mọ́ ọn lára lórí ilẹ̀, kí ẹ di èjìká rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e sókè. Tí àgbọ̀n ẹni náà bá wọnú ọrùn jákẹ́ẹ̀tì, ó tóbi jù, nínú omi, á yọ lọ́rùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó wọlé sínú ọkọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde nítorí fọ́tò. Ọkọ̀ kì í sábà dojú dé nítorí ìgbì nìkan. Ó máa ń dojú dé nígbà tí èèyàn mẹ́fà bá dìde sí apá kan láti wo ẹyẹ. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tó yẹ kó gba mẹ́rin, ẹ má fi márùn-ún sí i. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ti ka ìrìn alẹ́ léèwọ̀ lórí omi, kí ẹ sì ti máa padà sí èbúté nígbà tí aago mẹ́rin bá lù.

ÌyáẸlẹ́ja
Ti aago mẹ́rin yẹn, ó ti pẹ́ jù nígbà òjò. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní oṣù Kẹta dé Karùn-ún lè ti ìlà-oòrùn dé lọ́sàn-án. Nígbà tí ẹ bá fi rí i pé ojú omi ṣókùnkùn lókèèrè, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi ọkọ̀ gbé wọn, kí ọ̀sán jẹ́ ti oúnjẹ. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, kí kùrukùru kọ́kọ́ ká kí ẹ tó gbéra.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀
Mo padà sí oko. Ilẹ̀ tí omi ṣí sílẹ̀ nígbà tó fà sẹ́yìn lẹ máa fẹ́ gbìn sí, torí pé ó tutù, ó sì lọ́ràá. Àkùrọ̀ ni, ó sì lè dín omi tí ẹ máa fún un kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ìgbà tí omi máa padà. Òjò á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, adágún kì í sì í sábà tètè gòkè títí ilẹ̀ fi mu yó. Ẹ fi òpin oṣù Kẹrin ṣe ààlà yín. Tòmátì máa ń wà nílé ìtọ́jú irúgbìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó tún ń lo bíi ọjọ́ 60 sí 75 lẹ́yìn tí ẹ lọ́ ọ kí ẹ tó já àkọ́kọ́, ẹ ó sì máa já a fún oṣù kan. Nítorí náà, ẹ̀ka òkè tí omi kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni kí tòmátì àti ata wà. Èyí tó bá ṣí sílẹ̀ ní oṣù Kejì, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, torí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló gbà wọ́n. Ẹni tó bá gbin tòmátì sísàlẹ̀ ní oṣù Kejì, ẹja ló gbìn ín fún.

Ebè kí ó dábùú ìdà ilẹ̀, kí ó má dojú kọ omi. Ẹ fi koríko bíi mítà 10 sílẹ̀ láàárín oko àti etí omi, ẹ má tu ú. Ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí ẹ bá fọ́n sí ilẹ̀ tí omi máa bò mọ́lẹ̀ nígbà tó bá padà, adágún lẹ fún. Ojú oró á gbèrú lórí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi á sì ní àwọ̀ ewé. Àwọn tó ń sẹ́ omi mímu á ní láti da álọ́ọ̀mù púpọ̀ sí i. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, ẹ̀kúnwọ́ kan nídìí irúgbìn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Oògùn pa-koríko, rárá, ní Erinlẹ̀.

Pọ́ǹpù bẹntiróòlù náà, ẹ gbé e sínú àwo irin tó ní etí. Epo tó bá dà nígbà tí ẹ ń rọ ọ́, inú àwo ni kó wà.

ỌmọÒròkí
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Ó kù ẹyọ kan. Mo rí hóòsì aláwọ̀ búlúù tó fẹ́lẹ́ lọ́jà, ó dín owó púpọ̀. Ṣé a lè rà á fún mítà 100 yẹn?

MẹkáníìkìPọ́ǹpù
Fún ẹ̀gbẹ́ tó ń tú omi jáde, ẹ lè rà á. Ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí ó má ká, kí ó má gba orí òkúta tó mú. Tó bá ti ká lẹ́ẹ̀kan nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ibi tó ká yẹn ló máa bẹ́. Ẹ ra ínǹṣì 2 gan-an. Ẹ má fi ti ínǹṣì 1 so mọ́ ẹnu ínǹṣì 2 nítorí owó, wákàtí mẹ́ta yín á di mẹ́jọ. Nígbà tí ẹ bá ń pa iṣẹ́ tì, ẹ tú omi inú rẹ̀ dànù, kí ẹ ká a kọ́ sábẹ́ òjìji. Oòrùn ló ń pa á ju omi lọ.

Ẹlẹ́rọDáàmù
Ẹ fi ìwé ìyọ̀ǹda ṣáájú hóòsì o.